Ibo Ni Kí N Pàtẹ Sí Lórí Ayélujára? Ìbéèrè Àwa Alátẹ Nípa WhatsApp, Facebook, Instagram, TikTok àti X

Ìtòkú ni mo ti ń ta àdìrẹ, l'Abẹ́òkúta. Àwọn ọmọ mi tètè kọ́ mi ní fóònù, ìyẹn ló sọ ìsọ̀ mi di ibi tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń wá bèèrè pé èwo ló ń mówó wọlé nínú àwọn ojú òpó wọ̀nyí, èwo ló kàn ń jẹ dátà lásán. Nígbà tó sú mi láti máa dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo kó ìbéèrè wọn jọ síbí bí wọ́n ṣe bi mí. Ẹni tí kì í ta aṣọ náà á rí tirẹ̀ mú níbẹ̀.

Àǹtí mi, tó bá jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo lagbára mi ká, èwo ni kí n mú?

WhatsApp ni. Ibẹ̀ ni àwọn oníbàárà yín wà kí ẹ tó dé. Ìyàwó pásítọ̀, alága ẹgbẹ́, àbúrò yín tó wà ní Peckham, gbogbo wọn ló ti ní in lórí fóònù. Ẹ ò ní máa bẹ ẹnikẹ́ni pé kó kọ́kọ́ lọ forúkọ sílẹ̀ níbì kan kó tó lè rí ọjà yín.

Àmọ́ ẹ má lo WhatsApp lásán fún òwò. Ẹ wá èyí tí wọ́n ń pè ní WhatsApp Business, tó jáde lọ́dún 2018. Ọ̀fẹ́ lòun náà. Ó máa jẹ́ kí ẹ to ọjà bí ẹ ṣe ń to aṣọ sórí pẹpẹ, pẹ̀lú àwòrán, orúkọ àti iye owó. Bí ẹnìkan bá ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ní àdìrẹ Ìbàdàndùn?” ẹ ò ní máa wá fọ́tò kiri láàárín àwòrán ìkómọ àti ìsìnkú. Ó máa bá yín kí oníbàárà tó bá kọ̀wé wọlé lálẹ́, kó sọ fún un pé ẹ ti tilẹ̀kùn ìsọ̀. Ẹ tún lè lẹ àmì aláwọ̀ mọ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan: èyí ti sanwó, èyí jẹ gbèsè, èyí kàn ń wojú ọjà. Àmì tó kẹ́yìn yìí ló pọ̀ jù lórí fóònù tèmi.

Kí ló wá kù díẹ̀ káàtó nínú WhatsApp?

Àjèjì kò lè ṣèèṣì kọsẹ̀ lára ọjà yín níbẹ̀. Ìsọ̀ inú àgbàlá ni, ẹni tó mọ̀nà nìkan ló ń wọlé. Status tí ẹ bá gbé síta, ẹni tí nọ́ńbà yín wà lórí fóònù rẹ̀, tí tirẹ̀ náà sì wà lórí tiyín, ló máa rí i. Tí wákàtí 24 bá ti pé, ó ti lọ nìyẹn. Ìkéde tí ẹ bá fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà kò gbà ju èèyàn 256 lọ nínú àkójọ kan, ẹni tí kò bá sì tọ́jú nọ́ńbà yín kò ní rí i gbà rárá. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ fún oníbàárà kó tó kúrò níwájú mi pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi orúkọ mi pamọ́ sórí fóònù níṣojú mi.” Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Màá dúró títí wọ́n á fi ṣe é.

Ẹgbẹ́ orí WhatsApp lè gba èèyàn 1,024, àmọ́ ẹ̀yin náà kúkú mọ bó ṣe ń rí. Ẹ gbé ìró tuntun síbẹ̀ láago mẹ́jọ àárọ̀. Kó tó di aago mẹ́jọ àbọ̀, àdúrà òwúrọ̀, ìkìlọ̀ nípa àlùbọ́sà àti fídíò olè kan tí wọ́n mú ti gun orí rẹ̀. Gbogbo èèyàn ibẹ̀ ló sì lè rí nọ́ńbà ara wọn. Alátẹ kan ti gba ibẹ̀ yẹn kó oníbàárà mi lọ rí. Ọjọ́ kan náà ló ń kí mi “ẹ kú ọjà o” lójú kòròkòrò.

Àwọn ọmọ mi ní Facebook ti di ti àwọn arúgbó. Ṣé kí n kúrò níbẹ̀?

Ta ló ń san owó aṣọ ẹbí nínú ilé yín, ṣé àwọn ọmọ yẹn ni? Àwọn tí wọ́n ń pè ní arúgbó yìí ló ń ṣe ọgọ́ta ọdún, tó ń ṣòkú àgbà, tó ń ra ọgọ́rùn-ún ọ̀pá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ jókòó yín síbẹ̀.

Òótọ́ ni pé ó ti pẹ́. Ọdún 2004 ni Mark Zuckerberg bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nílé ẹ̀kọ́ Harvard l'Amẹ́ríkà, ọdún 2006 ni wọ́n ṣílẹ̀kùn fún ẹnikẹ́ni tó bá ti pé ọmọ ọdún 13. Pípẹ́ yẹn gan-an ló dára fún wa. Ẹgbẹ́ àwọn tó jọ jáde nílé ìwé, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, ẹgbẹ́ ìjọ, wọ́n ti fìdí kalẹ̀ síbẹ̀. Ohun tí ẹ gbé síbẹ̀ lọ́dún márùn-ún sẹ́yìn ṣì wà, oníbàárà tó ń fura lè yẹ ẹ̀yìn wò kó rí i pé òwò yín kì í ṣe èyí tó hù lánàá. Kò sí ìyẹn lórí status WhatsApp.

Ohun méjì ló ń dùn mí nínú rẹ̀. Àkáǹtì tara ẹni kò lè kọjá ọ̀rẹ́ 5,000, nítorí náà ẹ ní láti ya ojú ìwé òwò sọ́tọ̀. Tí ẹ bá sì ti yà á sọ́tọ̀ tán, tí èèyàn ń tẹ̀lé yín, kò ní fi ọjà yín han gbogbo wọn, àfi kí ẹ sanwó ìpolówó. Èmi kì í san án lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Mo máa ń san díẹ̀ bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí Iléyá àti nígbà tí Kérésì bá ń súnmọ́, torí ìgbà yẹn ni owó wà lọ́wọ́ àwọn tó ń wò.

Ìkejì ni àwọn gbájúẹ̀. Wọ́n á jí fọ́tò yín, wọ́n á fi ṣí ojú ìwé míì, wọ́n á máa gbowó aṣọ tí wọn ò ní. Ẹ kọ orúkọ ìsọ̀ yín sára àwòrán, àárín aṣọ gan-an ni kí ẹ kọ ọ́ sí. Tó bá wà létí, wọ́n á gé e kúrò.

Ṣebí ọ̀kan náà ni Instagram àti Facebook? Kí ni mo fẹ́ máa ṣe wàhálà méjèèjì fún?

Ọwọ́ kan náà ni wọ́n wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n èrò inú ọjà wọn yàtọ̀. Àwọn aránṣọ ìgbàlódé ní Èkó, ọmọge tó ń múra ìgbéyàwó, ẹni tó ń wá ohun tó máa wọ̀ ní Sátidé tó ń bọ̀, Instagram ni wọ́n ń yí kiri. Ojú ni wọ́n fi ń rajà. Aró tó dúdú dáadáa, tí ojú ẹ̀kọ (lẹ́ẹ̀ ẹ̀gẹ́ tí kì í jẹ́ kí aró wọ aṣọ) funfun lára rẹ̀, kò síbi tí iyì rẹ̀ ti ń yọ bí ibẹ̀. Ẹ ya àwòrán níta láàárọ̀, kí oòrùn tó le. Iná inú ìsọ̀ máa ń sọ aró di eérú.

Ohun tí kò dáa níbẹ̀ ni pé líǹkì tí ẹ bá kọ sábẹ́ àwòrán kò ṣeé tẹ̀, òkè ojú ìwé yín ni kí ẹ fi í sí. Wọ́n sì ti fi ẹwà kó àwọn alátẹ láyà jẹ níbẹ̀ débi pé ẹlòmíràn ń náwó sórí fọ́tò ju orí aṣọ lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀kan tó ń bí mi nínú. Ẹ gbé aṣọ tó rẹwà síta, ẹ wá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé kí èèyàn kọ̀wé sí yín níkọ̀kọ̀ kó tó mọ iye tó jẹ́. Kí ló dé? Ẹlòmíràn ní òun kò fẹ́ kí ẹlẹgbẹ́ òun mọ iye tóun ń tà. Ẹlẹgbẹ́ tó kọjú sí yín nínú ọjà, tí ẹ jọ ń ra tẹ́rù, aṣọ funfun tí a ń pa láró, lọ́wọ́ ẹnìkan náà! Ọjà ìnájà ni tiwa, mo mọ̀. Ẹ kọ iye tí ẹ ń pè é, ẹni tó bá fẹ́ ná an á ná an.

Ọmọ ìsọ̀ kejì gbé fídíò sí TikTok, èrò wò ó bí ẹni wo egúngún. Ṣé ó rí tà?

Mo bi í. Ìró mẹ́rin ló tà.

Kì í ṣe pé TikTok kò dáa. Ohun tó fi ju gbogbo àwọn yòókù lọ ni pé kì í wo iye èèyàn tó ń tẹ̀lé yín kó tó gbé fídíò yín fún àjèjì. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lónìí lè rí èrò lọ́la. Iṣẹ́ tiwa sì bá a mu gan-an, torí àwọn èèyàn fẹ́ràn láti wo ọwọ́ tó ń ṣiṣẹ́. Ẹ fi ìyẹ́ adìẹ tó ń ya ẹ̀kọ sára aṣọ hàn wọ́n. Ẹ fi ìgbà tí wọ́n ń tú okùn àdìrẹ oníko hàn, nítorí kò sẹ́ni tó mọ ohun tó máa jáde. Èyí tó ju gbogbo rẹ̀ lọ ni aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ìkòkò ẹ̀lú: àwọ̀ ewé ló máa kọ́kọ́ ní, atẹ́gùn ni yóò sọ ọ́ di búlúù níṣojú yín. Àwa tí a dàgbà sídìí rẹ̀ kò kà á sí nǹkan mọ́. Ẹni tí kò rí i rí á pe ọmọ rẹ̀ wá wò ó.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé àwọn tó ń wò yín lè wà níbi tí ọjà yín kò lè dé láéláé. Ẹni tó wò ó kò mọ orúkọ yín, ó ti kọjá sọ́dọ̀ ẹni tó ń jó. Fídíò tó bá wúni lónìí kò ní kí ti ọ̀la wú èèyàn, ọ̀pọ̀ ló sì ti fi ìyẹn sọ ara rẹ̀ di eléré, tí ọjà ń jẹ eruku lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tí mo máa ń ṣe nìyí: mo máa ń kọ nọ́ńbà WhatsApp mi sójú fídíò náà fúnra rẹ̀, mo sì máa ń dárúkọ Ìtòkú lẹ́nu mi. Ẹni tó bá fẹ́ rà á á wá mi kàn. TikTok máa polówó, WhatsApp á gbowó.

Iléeṣẹ́ ByteDance ti ilẹ̀ Ṣáínà ló ni ín, ọ̀rọ̀ ìjọba sì wà nínú rẹ̀. Orílẹ̀-èdè Íńdíà fòfin dè é lóṣù kẹfà ọdún 2020. L'Amẹ́ríkà náà, ó kú fún wákàtí mélòó kan lóṣù kìíní ọdún 2025 kó tó padà. Ẹni tí gbogbo oníbàárà rẹ̀ wà lọ́hùn-ún kò sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

X ńkọ́, tí wọ́n ń pè ní Twitter tẹ́lẹ̀?

Ibi ìjíròrò nibẹ̀, èmi kò rí aṣọ tà níbẹ̀ rí. Àwọn oníròyìn, olóṣèlú, àwọn ọ̀dọ́ tó ń bínú sí ìjọba ló kún ibẹ̀, ọ̀rọ̀ #EndSARS oṣù kẹwàá ọdún 2020 ni ẹ fi mọ bí ohùn wọn ṣe ń rìn jìnnà. Ó dáa fún ẹni tó fẹ́ gbọ́ nǹkan kí rédíò tó sọ ọ́, ó sì dáa fún ẹni tí iléeṣẹ́ kan ṣe láìdáa tó fẹ́ ké gbàjarè, torí ojú máa ń tì wọ́n níbẹ̀. Èébú ibẹ̀ pọ̀. Lẹ́yìn tí Elon Musk rà á lóṣù kẹwàá ọdún 2022, àmì búlúù tí a fi ń mọ ojúlówó èèyàn ti di ohun tí wọ́n ń rà, torí náà ẹ má torí àmì yẹn gba ẹnikẹ́ni gbọ́.

Ẹ rántí pé ìjọba wa náà ti tì í pa rí. Láti ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún 2021, lẹ́yìn tí Twitter yọ ọ̀rọ̀ kan tí Ààrẹ Buhari kọ kúrò, títí di ọjọ́ 13 oṣù kìíní ọdún 2022, ẹni tó bá fẹ́ wọ ibẹ̀ ní Nàìjíríà ní láti gba ẹ̀yìnkùlé.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ràn wọn fún. Ibẹ̀ ni Kọ́lá Túbọ̀sún, onímọ̀ èdè, ti pe àwọn èèyàn lọ́jọ́ 1 oṣù kẹta ọdún 2012 pé kí gbogbo wa fi Yorùbá kọ̀wé ní gbogbo ọjọ́ náà.

Ṣé Telegram wúlò?

Fún ẹni tó ń kọ́ni níṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni. Ẹgbẹ́ kan lè gba èèyàn 200,000, fídíò gígùn ń wọlé láìdínkù, ẹni tó dé lónìí sì lè ka ohun tí ẹ kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Àmọ́ ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ yín ní àṣírí níbẹ̀ bíi ti WhatsApp. Ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ lórí Telegram kì í ní ìdè tó fi jẹ́ pé ẹ̀yin méjì nìkan lẹ lè kà á, àfi tí ẹ bá mọ̀ọ́mọ̀ ṣí ìyàrá àṣírí. Àwọn oníjìbìtì “fi ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá gba ọgọ́rùn-ún” náà ń gbé ibẹ̀.

LinkedIn?

Ẹ fún ọmọ yín tó ń wáṣẹ́.

Dátà ń pa mí. Èwo ló ń jẹ ẹ́ jù?

Èyíkéyìí tí fídíò bá ti ń ṣí fúnra rẹ̀: TikTok ni olórí, Instagram tẹ̀ lé e, Facebook kò jìnnà sí wọn. WhatsApp ló rọrùn jù, tí ẹ bá ti dí ihò kan. Ẹ wọ inú ètò rẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ ibi ìpamọ́ àti dátà, kí ẹ pa ohun tó ń mú kí fọ́tò àti fídíò máa wọlé láìbéèrè. Fídíò àlùbọ́sà yẹn, owó yín ló ń jẹ wọlé.

Ẹni tí fóònù rẹ̀ kò lágbára lè lo Facebook Lite. Instagram àti TikTok náà ní ibi tí èèyàn ti lè sọ fún wọn pé kí wọ́n máa ṣún dátà lò. Láti ìgbà tí àjọ NCC ti gbà lóṣù kìíní ọdún 2025 pé kí àwọn iléeṣẹ́ fóònù fowó kún owó wọn, tó lè tó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún, mo ti ń ṣe gbogbo ìgbésókè mi lálẹ́ níbi tí Wi-Fi ọmọ mi wà.

Wọ́n ní ẹnìkan náà ló ni Facebook, Instagram àti WhatsApp. Kí ló kàn mí níbẹ̀?

Ó kàn yín. Facebook ra Instagram lọ́dún 2012, ó ra WhatsApp lọ́dún 2014, ó wá yí orúkọ iléeṣẹ́ náà sí Meta lọ́dún 2021. Ẹni tó ní ìsọ̀ mẹ́ta lọ́dọ̀ onílé kan ṣoṣo, ọjọ́ tí onílé bá tilẹ̀kùn ńkọ́? Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 4 oṣù kẹwàá ọdún 2021, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kú pọ̀ fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà, láti ìrọ̀lẹ́ wọ òru. Mo ní aṣọ tí mo fẹ́ fi ránṣẹ́ sí Ìbàdàn lọ́jọ́ náà, inú WhatsApp sì ni àdírẹ́sì wà.

Ọ̀rọ̀ ìwífún wa tún wà níbẹ̀. Lóṣù keje ọdún 2024, FCCPC, àjọ tó ń gbèjà oníbàárà ní Nàìjíríà, bu owó ìtanràn 220 mílíọ̀nù dọ́là lé Meta nítorí bó ṣe ń lo ìwífún àwọn èèyàn wa. Meta gbé ẹjọ́ náà lọ sí ìgbìmọ̀ ìgbẹ́jọ́, ìgbìmọ̀ náà sì fọwọ́ sí ìdájọ́ àjọ náà lóṣù kẹrin ọdún 2025.

Ẹnìkan pè mí pé kí n ka nọ́ńbà mẹ́fà tó wọ fóònù mi fún òun. Ó ní ti ìpàdé ìjọ ni.

Ẹ má kà á! Kọ́kọ́rọ́ WhatsApp yín ni. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ta aṣọ òkè kà á. Kó tó di alẹ́, ẹni yẹn ti ń fi orúkọ rẹ̀ yá owó lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn, àwọn méjì sì ti san. Tó bá ti ṣẹlẹ̀, ẹ tún nọ́ńbà yín fi wọlé lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kóòdù tuntun máa wọlé sórí fóònù yín, ó sì máa lé olè náà jáde. Tí olè bá ti fi PIN (nọ́ńbà àṣírí) tirẹ̀ sí i, ẹ máa dúró fún ọjọ́ méje, kí ẹ sì máa pe àwọn èèyàn yín lórí fóònù láti kìlọ̀ fún wọn.

Ẹ fi PIN tiyín sí i lónìí kí olè tó dé. Inú ètò àkáǹtì ló wà.

Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 11, ní òun fẹ́ ṣí TikTok láti bá mi polówó.

Kò tíì tó. Ọdún 13 ni TikTok, Facebook àti Instagram fi lélẹ̀. Kódà lórí TikTok, ọmọ tí kò bá tíì pé 16 kò lè gba ìwé ìkọ̀kọ̀, ẹni tí kò bá pé 18 kò sì lè ṣe Live, fídíò ojú ẹsẹ̀. Ẹ ṣí i lórúkọ yín, kí ó máa bá yín ya fídíò, kí ẹ̀yin máa ka ohun tí àwọn èèyàn ń kọ. Àwọn àgbàlagbà kan ń kọ nǹkan tí ọmọ kò gbọdọ̀ kà.

Tí wọ́n bá ti ojú òpó pa pátápátá ńkọ́?

Ṣé ẹ rántí BBM, ibi tí a ti ń fọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lórí BlackBerry? Gbogbo wa la ń pín PIN, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń rí wa níbẹ̀, nígbà yẹn. Ọjọ́ 31 oṣù karùn-ún ọdún 2019 ni wọ́n ti èyí tí àwa ará ìta ń lò pa. Google+ ti kú lóṣù kẹrin ọdún yẹn. Àwọn ọmọ tó ń ṣe 2go nígbà yẹn ti di ìyálé ilé.

Èmi náà rí tèmi. Ọ̀kan nínú àwọn ojú òpó wọ̀nyí, n kò ní dárúkọ rẹ̀, ti ojú ìwé mi pa nígbà tí Iléyá ku ọjọ́ mẹ́sàn-án, wọ́n ní mo rú òfin. Òfin wo? Wọn ò sọ. Ẹ̀rọ ló ń dá mi lóhùn. Ọdún ti kọjá kí wọ́n tó ṣí i. Láti ìgbà náà ni mo ti ra ìwé ńlá aláwọ̀ pupa. Orúkọ oníbàárà, nọ́ńbà, ìlú, ohun tó rà, ohun tó ní òun ń wá, biro ni mo fi ń kọ ọ́. Àwọn ọmọ mi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Ṣé kí n máa fi àmì ohùn sí Yorùbá tí mo bá kọ?

Nínú ọ̀rọ̀ yín, bẹ́ẹ̀ ni. Gboard, pátákó ìtẹ̀wé Google orí fóònù, ní Yorùbá, ẹ̀kọ́ ọjọ́ kan ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń wá ọjà kì í fi àmì wá a, “adire” ló máa tẹ̀. Ẹ kọ “àdìrẹ” sínú ọ̀rọ̀, kí ẹ wá kọ “adire” láìsí àmì sínú àwọn hashtag (ọ̀rọ̀ tí àmì # ṣíwájú) tó wà nísàlẹ̀.

Mo fẹ́ máa tà fún àwọn ará wa lókè òkun. Ibo, àti nígbà wo?

Instagram ni wọ́n á ti rí yín, ìpè fídíò orí WhatsApp ni wọ́n á fi gbà yín gbọ́. Ẹ tú aṣọ náà níwájú kámẹ́rà, ẹ yí i padà kí wọ́n rí ẹ̀yìn, ẹ fi ọ̀pá wọ̀n ọ́n. Ní ti aago, Lọ́ńdọ̀nù àti àwa jọ máa ń wà lórí aago kan náà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tiwọn, wọ́n máa ń fi wákàtí kan kẹ́yìn wa nígbà òtútù. Houston ń fi wákàtí mẹ́fà tàbí méje kẹ́yìn, Bahia ní Brazil ń fi mẹ́rin kẹ́yìn. Nítorí náà, aago mẹ́jọ alẹ́ ní Abẹ́òkúta ni mo máa ń gbé aṣọ síta fún wọn: ará Lọ́ńdọ̀nù ti jẹun tán, ti Houston wà lẹ́nu ìsinmi ọ̀sán. NEPA nìkan ni kò mọ̀ nípa ètò yìí.